Orúkọ Tí Ọmọ Mi Mu

Abọ́ tánganran kan wà nínú àpótí mi tí ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ fi jẹun. Àwọn ọmọ mi mọ̀ bẹ́ẹ̀. Àwọn ìyàwó wọn náà ti mọ̀, torí mo ti bá ọ̀kan nínú wọn jà lórí rẹ̀ rí. Abọ́ kékeré ni, funfun, ìlà búlúù kan yí ẹnu rẹ̀ ká, ó sì ti bó lápá kan débi pé irin dúdú yọ síta. Ní ìsàlẹ̀ inú rẹ̀, níbi tí ẹ̀kọ ọmọdé máa ń gbẹ̀yìn sí, wọ́n fi búlúù kan náà kọ nǹkan kan. Òkè rẹ̀ dà bí òrùlé. Lábẹ́ òrùlé náà, ẹ̀kán omi mẹ́ta wà lápá òsì, nǹkan bí àkàbà kékeré wà lápá ọ̀tún, ẹsẹ̀ méjì sì yà nísàlẹ̀. Ìlà mẹ́tàlélógún ni gbogbo rẹ̀. Mo lè di ojú mi kí n kọ ọ́ sórí iyẹ̀pẹ̀, mi ò ní fo ẹyọ kan.

Ọ̀rọ̀ Ṣáínà ni. Orúkọ àkọ́bí mi ni. Mo mọ bí wọ́n ṣe ń kọ ọ́, mo mọ bí wọ́n ṣe ń pè é, ṣùgbọ́n mi ò mọ ìtumọ̀ rẹ̀. Mi ò ní kọ bí wọ́n ṣe ń pè é síbí, ẹ ó sì rí ìdí rẹ̀ kí n tó dákẹ́. Yorùbá kì í sọ ọmọ lórúkọ tí kò nítumọ̀. Àbíkú pàápàá tí a fi orúkọ bú, a mọ ohun tí a bú u. Èmi bí ọmọ obìnrin kan, mo fi ọdún méjì àti oṣù mélòó kan pè é lórúkọ, títí di òní mi ò mọ ohun tí mo ń pè é. Ó ń dùn mí. Ó ń dùn mí lónìí bó ṣe dùn mí nígbà náà, kí ẹnikẹ́ni má sì sọ fún mi pé ọjọ́ ti pẹ́.

Ẹ̀gbẹ́dá tí à ń gbé nígbà yẹn, oko gbágùúdá ló pọ̀ níbẹ̀ ju ilé lọ. Owó epo rọ̀bì ṣẹ̀ṣẹ̀ ń wọ ìlú. Gbogbo ẹni tó bá rí iṣẹ́ sí Ìkẹjà ló ń wá yàrá gbà lọ́dọ̀ wa, wọ́n sì ń kọ́lé kọjá Ìdímù lọ sí Ìkòtún bí ẹni tí wọ́n ń lé. Bíríkìlà ni ọkọ mi, ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́, iṣẹ́ kì í wọ́n lọ́wọ́ rẹ̀. Èmi ń ṣiṣẹ́ nílé iṣẹ́ abọ́ tánganran kan lọ́nà Ìkẹjà, tó jẹ́ ti àwọn Ṣáínà. Abọ́ ń tà ju búrẹ́dì lọ nígbà náà. Ẹni tó ṣe ìsìnkú ń fi abọ́ tọrẹ, ẹni tó gbéyàwó ń fi abọ́ tọrẹ, kódà ẹni tó ra kẹ̀kẹ́ tuntun ń wá abọ́ tí yóò fún àwọn tó wá bá a yọ̀. A ò lè ṣe é tó.

Ìdí ẹnu abọ́ ni wọ́n fi mí sí. Abọ́ á wà lórí àwo kan tó ń yí, n óò fi búrọ́ṣì kan etí rẹ̀, n óò sì fa búlúù yí i ká láìmí. Bí o bá mí, ìlà á wọ́, wọ́n á ju abọ́ náà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Bàbá Ṣáínà kan ló kọ́ mi níṣẹ́ náà. Ó ti dàgbà, ó tín-ín-rín, òun ló ń po gbogbo àwọ̀ tí a ń lò. Bàbá ni gbogbo wa ń pè é. Gẹ̀ẹ́sì rẹ̀ kò tó nǹkan, Yorùbá tó gbọ́ kò sì ju méjì lọ. Bí mo bá ń kánjú, á ní, "Jẹ́jẹ́." Bí ìlà bá pé, á na abọ́ náà sí ìmọ́lẹ̀, á bi mí pé, "Ó tán?" N óò ní, "Ó tán, Bàbá." Ọdún mẹ́ta ni a fi ṣe bẹ́ẹ̀. Ọ̀rọ̀ wa kò jù bẹ́ẹ̀ lọ, síbẹ̀ mo mọ̀ ọ́n ju àwọn tí a jọ ń gbé ọgbà kan lọ.

Nígbà tí mo bímọ, ó wá síbi ìsọmọlórúkọ lọ́jọ́ kẹjọ. Ó wọ ṣẹ́ẹ̀tì funfun tí wọ́n lọ̀ dáadáa, ó jókòó sáàárín àwọn ará Ògbómọ̀ṣọ́ bí ẹni tó ń dúró de dókítà. Ẹ mọ̀ pé àṣà wa ni kí ẹni tó bá sọ kọ́bọ̀ sínú abọ́ omi fún ọmọ lórúkọ tirẹ̀. Nígbà tí abọ́ kan Bàbá, ẹnì kan ṣàlàyé fún un. Ọkọ mi, aláwàdà ni, ó ní, "Ilé là ń wò kí a tó sọmọ lórúkọ o. Bàbá, ilé wo lẹ wò?" Gbogbo ilé rẹ́rìn-ín. Bàbá kò gbọ́, òun náà rẹ́rìn-ín. Ó sọ owó rẹ̀ sómi, ó sì ní òun á mú orúkọ wá lọ́la.

Ó mú un wá. Ó kó òkúta pẹlẹbẹ kan àti èédú dídì kan dání, ó jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ wa, ó bu omi díẹ̀, ó sì ń lọ èédú náà títí ó fi di tàdáà, omi dúdú tí a fi ń kọ̀wé. Ìyá ọkọ mi jókòó tì í, ó ń wò ó. Ọmọ Àáfà ni ìyá yìí, ìdí wàláà, pátákó tí wọ́n fi ń kọ́ Kùránì, ni wọ́n ti tọ́ ọ dàgbà. Nígbà tó rí i tí Bàbá ti gègé onírun rẹ̀ bọ tàdáà, tó sì fa ìlà àkọ́kọ́, ó mi orí bí ẹni tó gbà. Ó ní, "Àwọn náà ní Àáfà."

Bàbá kọ ọ́ gàdàgbà sáàárín bébà fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ kan. Ó pè é fún wa, a pè é tẹ̀lé e, ẹ̀ẹ̀kan náà ni a sì pè é gbà. Ohùn èdè wọn ń lọ sókè sódò bíi tiwa. Inú rẹ̀ dùn débi pé ó fọwọ́ bo ẹnu. Mo béèrè ìtumọ̀. Ó nàka sí òrùlé, ó nàka sójú ọ̀run, ó fọwọ́ gbá àyà, ó ronú, ó sì mi orí. Ó fi gẹ̀ẹ́sì rẹ̀ tó gé wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́ sọ pé òun ò ní ọ̀rọ̀ tí òun lè fi sọ ọ́. Ó wá fi gègé tó kéré kọ ọ̀rọ̀ wínníwínní sí ẹ̀gbẹ́ bébà náà láti òkè dé ìsàlẹ̀. Ó ní bí wọ́n ṣe ń pè é wà níbẹ̀, ìtumọ̀ rẹ̀ wà níbẹ̀, ìdí tí òun fi fún un wà níbẹ̀. Bí ọmọ bá lọ sílé ìwé, tó bá dàgbà, á rí ẹni kà á fún un. Mo ká bébà náà, mo fi sínú Kùránì ọkọ mi.

Ọ̀sẹ̀ kejì tí mo padà síṣẹ́ ló fún mi ní abọ́ yẹn. Òun fúnra rẹ̀ ló kọ orúkọ náà síbẹ̀ kí wọ́n tó gbé e sínú iná. Abọ́ ẹ̀kọ ọmọ mi nìyẹn. Bó bá mu ẹ̀kọ tán, tó rí búlúù náà, á fi ṣíbí lù ú, á ní, "Tán." Orúkọ Ṣáínà yẹn ló mọ́ ọn lára. Èyí tí àwọn bàbá rẹ̀ sọ ọ́ àti èyí tí àwọn ìyá mi sọ ọ́ sùn sílẹ̀, torí tàwọn gùn, ti Bàbá kúrú, ó sì rọrùn láti fi pe ọmọ tó ń sáré lọ sídìí kànga. Nílé iṣẹ́, wọ́n ń fi ṣe yẹ̀yẹ́ pè mí ní ìyá orúkọ náà, mo sì ń jẹ́. Ọmọ mi kì í jẹ́ kí a pe òun lẹ́ẹ̀mejì. Ibi yòówù kó wà, bí o bá pè é báyìí, "Màá," ló máa wí, á sì yọ.

Òjò ń rọ̀ lọ́wọ́ lọ́dún kẹta nígbà tí ara rẹ̀ gbóná. Ọkọ mi wà níbi iṣẹ́ lọ́nà Bàdágírì, ọ̀sẹ̀ méjì méjì ló ń wálé. Ìyá ọkọ mi ló ń bá mi wo ọmọ. Láàárọ̀ ọjọ́ kìíní a fi aṣọ tútù nù ún, a fún un ní àgbo. Láàárọ̀ ọjọ́ kejì kò jẹun, ojú rẹ̀ sì pọ́n. Ìyá ní kí n jẹ́ kí òun lọ gba hàǹtú. Hàǹtú ni àdúrà tí Àáfà ń kọ sára wàláà, wọ́n á fi omi fọ tàdáà rẹ̀ sínú abọ́, aláìsàn á sì mu ún. Òun ni wọ́n fi wo Ìyá ní kékeré, òun ló fi wo ọkọ mi àti gbogbo àbúrò rẹ̀. Ṣùgbọ́n ọdún yẹn ni owó wọ ọwọ́ àwọn èèyàn, gbogbo ẹni tó lè rìn ló fẹ́ lọ sí Mẹ́kà. Àáfà tó ń kọ ọ́ fún wa ní Ìkòtún ti lọ. Ìyá rìn nínú ẹrẹ̀ òjò dé Ìgándò, wọ́n ní ti ibẹ̀ náà ti bá wọn lọ.

Ó padà dé, ó tutù dé egungun, ó jókòó. Ó ní, "Ìyàwó, níbo lo fi ìwé bàbá Ṣáínà yẹn sí?"

Mo ní, "Inú Kùránì ló wà, Ìyá. Kí lẹ fẹ́ fi ṣe?"

Ó ní, "Tàdáà kọ́ ló fi kọ ọ́ ni? Ojú mi ló ṣe lọ̀ ọ́. Àgbàlagbà ló kọ ọ́, ó nífẹ̀ẹ́ ọmọ yìí, orúkọ ọmọ ló sì wà níbẹ̀. Àbí Ọlọ́run ò gbọ́ Ṣáínà ni?"

Kí n sòótọ́, mi ò fẹ́ bá a jiyàn. Mo mọ̀ pé ilé ìwòsàn wà, mo sì mọ bí èrò ṣe ń tò síbẹ̀ láti ìdájí, pé ọ̀nà ti di omi, pé n óò gbé ọmọ pọ̀n dé oríta kí n tó rí ọkọ̀. Èmi náà fẹ́ kí omi inú abọ́ ṣe é. Nítorí náà èmi ni mo mú bébà náà jáde, èmi ni mo sì gbé abọ́ mú nígbà tí Ìyá ń fọ̀ ọ́. Abọ́ ẹ̀kọ rẹ̀ ni a lò, torí òun ni kò ní kọ̀.

Tàdáà Àáfà, bí omi bá ti kàn án, ó ti ṣí. Ti Bàbá kò ṣí. Ìyá da omi sí i, ó dúró gbọn-in. Ó fi àtàǹpàkò ra á, ó ń ṣe bísímílà, ó ń ra á, kò fẹ́ lọ, àfi ìgbà tí bébà náà ya, tó di jáńjálá, tí omi wá di eérú-eérú. Ọ̀rọ̀ wínníwínní ẹ̀gbẹ́ ló kọ́kọ́ lọ. Mo rí i bó ṣe ń lọ. A sẹ́ ẹ, a gbé ọmọ jókòó, ó sì mu ún. Ó mu ún tán nítorí abọ́ rẹ̀ ni. Nígbà tí omi tán, tó rí búlúù nísàlẹ̀, ó fi ìka lù ú, torí kò sí ṣíbí níbẹ̀. Ó ní, "Tán."

A wá ń dúró kí omi náà ṣiṣẹ́. A dúró títí ilẹ̀ fi ṣú lọ́jọ́ kejì, a dúró lọ́jọ́ kẹta. Lọ́jọ́ kẹrin ni gìrì mú un, mo sì gbé e pọ̀n, mo sáré lọ sílé ìwòsàn. Dókítà béèrè ìgbà tó bẹ̀rẹ̀, mo sọ fún un. Ó béèrè ohun tí a ti ń fún un, mo sọ èyí náà. Kò bú mi. Ó ní omi yẹn kọ́ ló ṣe é ní nǹkan, ọjọ́ tí a fi dúró ni. Ọ̀rọ̀ yẹn le ju èébú lọ. Ọmọ mi kú kí wọ́n tó pe ìrun ọ̀sán.

Òbí kì í mọ ojú oórì ọmọ. Àwọn ọkùnrin ló gbé e lọ, wọn ò sì fi ibẹ̀ hàn mí títí di òní. Wọ́n ti kọ́lé sórí gbogbo ilẹ̀ Ẹ̀gbẹ́dá báyìí. Àwọn obìnrin wá kí mi, gbogbo wọn ló ń wí pé omi ló dànù, agbè ò fọ́. Ọ̀rọ̀ ìtùnú ni, ọ̀rọ̀ àwọn ìyá wa ni, mo sì ti fi kí àwọn ẹlòmíràn rí. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ yẹn, bí mo ṣe gbọ́ "omi", mo fẹ́ la nǹkan mọ́ ẹni tó sọ ọ́ lórí. Èmi ni mo gbé omi náà dání. Kò dànù.

Ìyá ọkọ mi kò sunkún lójú mi. Ó pè mí sẹ́yìnkùlé, ó di ọwọ́ mi mú, ó ní, "Má pe orúkọ yẹn mọ́. Má pè é sókè, má pè é sínú. Bí o bá pè é, á máa bojú wẹ̀yìn, kò ní lè lọ." Mo gbọ́ràn sí i lẹ́nu. Bí orúkọ náà bá ti wá sí mi lẹ́nu, n óò gbé e mì. Àwọn ará ọgbà pẹ̀lú kò pè é mọ́. Nílé iṣẹ́, àwọn tó ń pè mí ní ìyá rẹ̀ wá ń pè mí ní Sístà, bí ẹni tí kò bímọ rí.

Ọjọ́ tí mo padà síṣẹ́, Bàbá dúró sídìí àwo tó ń yí. Wọ́n ti sọ fún un, ṣùgbọ́n ó fẹ́ gbọ́ ọ lẹ́nu mi. Ó wò mí, ó ní, "Ó tán?"

Mo ní, "Ó tán, Bàbá."

Ó fọwọ́ ṣe bí ẹni tó ń ká bébà, ó béèrè ìwé rẹ̀. Mo purọ́. Mo ní a fi sínú aṣọ tí a fi dì í, wọ́n gbé e lọ pẹ̀lú rẹ̀. Ó tẹrí ba, mo sì rí i pé ó tù ú nínú. Báwo ni mo ṣe fẹ́ sọ fún un pé a ra á títí ó fi ya, pé a sẹ́ ẹ bí ògì? Lẹ́yìn irọ́ yẹn, mi ò lè béèrè ìtumọ̀ lọ́wọ́ rẹ̀ mọ́. Mo ní ọjọ́ ń bẹ. Lọ́dún tó tẹ̀lé e, ara rẹ̀ kò yá, wọ́n fi ọkọ̀ òfuurufú gbé e lọ sílé. Lẹ́yìn oṣù díẹ̀, ọ̀gá wa sọ fún wa láàárọ̀ ọjọ́ kan pé ó ti kú.

Ìgbà yẹn ni òǹgbẹ ìtumọ̀ náà tó gbẹ mí. Ẹni méjì ló ní orúkọ yẹn, ẹni tó fúnni àti ẹni tó gbà á, àwọn méjèèjì sì ti lọ. Mo di abọ́ náà sínú aṣọ, mo gbé e lọ bá ọ̀dọ́kùnrin Ṣáínà tó jẹ́ akọ̀wé wa, ẹni tó gbọ́ gẹ̀ẹ́sì dáadáa. Ó yí abọ́ náà sọ́tùn-ún sósì, ó ní òun ò mọ̀ ọ́n.

Mo ní, "Ṣé èdè yín kọ́ ni?"

Ó ní èdè àwọn ni. Ó ní àmì tí àwọn fi ń kọ ọ̀rọ̀ pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí ẹnì kan ò lè mọ̀ ọ́n tán, àti pé èyí tí èèyàn kò bá mọ̀, kò sí bó ṣe fẹ́ tò ó kà bí a ṣe ń to a-bí-dí, àfi kí ẹnì kan sọ ọ́ fún un. Ó pe àwọn méjì mìíràn. Ọ̀kan nínú wọn ní bóyá bàbá náà ṣì í kọ ni. Mo gba abọ́ mi. Ẹni tí kò jẹ́ kí ìlà kan ṣoṣo wọ́ lẹ́nu abọ́ tí a ń tà lọ́jà, òun ni yóò ṣi orúkọ ọmọ kọ? Mo sọ ohun tó wà nínú mi fún wọn ní Yorùbá, wọn ò gbọ́, ó sì sàn bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n akọ̀wé náà tẹ̀lé mi jáde, ó bẹ̀ mí, ó da orúkọ náà kọ. Ó ní òun ń lọ lo ìsinmi nílé, olùkọ́ òun kan ní ìwé ńlá kan tí wọ́n kó gbogbo ọ̀rọ̀ àtijọ́ sí.

Oṣù méjì ni mo fi dúró. Mo tún ti lóyún nígbà náà, mo sì ń bẹ Ọlọ́run kó jẹ́ kí n mọ ti àkọ́kọ́ kí n tó bí èkejì. Ọjọ́ tó dé, ó pè mí sínú ọ́fíìsì rẹ̀, ó fún mi ní àga. Ó ní wọ́n rí i nínú ìwé náà. Ó ní ìwé náà kò sọ bí wọ́n ṣe ń pè é, torí kò sẹ́ni tó mọ̀ ọ́n mọ́. Mo ní kò burú, ìtumọ̀ ni mo ń wá. Ó wo bébà ọwọ́ rẹ̀.

Ó ní, "Orúkọ èèyàn ni."

Mo ń dúró de ìyókù. Ó ní kò sí ìyókù. Ẹnì kan ti jẹ́ ẹ rí láyé àtijọ́, wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀ pé orúkọ rẹ̀ ni, kò sì sẹ́ni tó mọ ohun tó túmọ̀ sí. Bí Bàbá bá mọ̀ ọ́n, á jẹ́ pé ìdílé rẹ̀ ló mọ̀ ọ́n, òun náà sì ti kú. Mo jókòó, mo ń wo ọwọ́ mi tó gbé abọ́ mú lọ́jọ́ yẹn. Gbogbo ohun tí wọ́n bá mi wá dé òkè òkun wà nínú ilé mi rí, nínú Kùránì, a kọ ọ́ wínníwínní. Ọmọ mi sì mu ún.

Akọ̀wé náà ṣí báírò rẹ̀. Ó ní ó kéré tán kí n pè é fún òun bí Bàbá ṣe pè é, kí òun kọ ọ́ sílẹ̀, kó má bàa parẹ́. Mo rántí ohun tí ìyá ọkọ mi wí. Mi ò kọ̀ kó bojú wẹ̀yìn. Mo fẹ́ kó bojú wẹ̀yìn. Mo la ẹnu, mo pe ọmọ mi bí mo ṣe máa ń pè é láti ẹnu ọ̀nà, mo sì ń tẹ́tí sí ìdáhùn rẹ̀. Ariwo ẹ̀rọ ni mo gbọ́ lẹ́yìn ògiri.

Akọ̀wé náà ti kọ ọ́. Ó gbé ojú sókè, ó ní kí n jọ̀ọ́, kí n tún un pè lẹ́ẹ̀kan sí i, kó lè dá òun lójú. Mo ní rárá. Mo ní ọmọ mi kì í jẹ́ kí a pe òun lẹ́ẹ̀mejì.